Igi Kérésìmesì: Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀

Igi Kérésìmesì ni igi tútù tí kì í wọ́wé, tí àwọn Kristẹni ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún ìbí Jésù. Ilẹ̀ Jámánì ni àṣà náà ti gbilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìtàn náà dá lórí Boniface Mímọ́, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 723, ó gé igi óákù ràbàtà tí àwọn ará Geismar ní Jámánì ń bọ fún Donar, òrìṣà àrá wọn. Willibald, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ní ẹ̀fúùfù ló bá a bi igi náà wó, tó sì là á sí mẹ́rin. Pákó rẹ̀ ni Boniface fi kọ́ ilé àdúrà. Àwọn ìran ẹ̀yìn ló fi kún un pé igi fir kékeré kan, irú igi tí kì í wọ́wé, hù níbẹ̀, tó di àmì ìyè àìnípẹ̀kun.

Ìtàn mìíràn ní Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ọmọ Jámánì, rí ìràwọ̀ tó ń tàn láàárín ẹ̀ka igi lóru, ló bá gbé igi wọlé, ó sì tan àbẹ́là sí i lára.

Ní ti ẹ̀rí tó wà ní kíkọ, àkọsílẹ̀ kan láti ìlú Strasbourg, ọdún 1605, mẹ́nu ba igi inú ilé tí wọ́n fi òdòdó oníbébà àti èso ápù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.