Ewúro àti ata rodo inú ike ní Rowlett: bí a ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe wọ́n

Nínú ike ni mo máa ń gba èèyàn wa ní Rowlett níbí níyànjú láti gbin ewúro, ata rodo, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹfinrin sí. Ìdí ẹ̀ ò le. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Blackland la wà lórí ẹ̀. Tójò bá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bàtà. Tí ọ̀dá bá dé, á sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìdí kejì ni òtútù. Ohun tó bá wà nínú ike ṣeé gbé wọlé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá, ká sì tún gbé e jáde lẹ́yìn àárín oṣù kẹta. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù Dallas já wálẹ̀ dé 2 lábẹ́ òdo ní Fahrenheit. Ewúro wo ló lè dúró síta nírú òtútù yẹn?

Àmọ́ ike náà ní wàhálà tiẹ̀. Igi inú oko lè na gbòǹgbò lọ wá oúnjẹ níbòmíì; ti inú ike ò ríbi kankan lọ, ohun tá a bá fún un nìkan ló máa jẹ. Tí ewé bá wá ń pọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni ká bu omi sí i, tàbí ká da ajílẹ̀ lé e lórí. Ọ̀kankan nínú méjèèjì lè pa á. Ẹ jẹ́ ká mọ àìsàn ká tó lo oògùn.

1. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Òùngbẹ àti omi àpọ̀jù jọra wọn lójú: nínú méjèèjì, ewé á rọ. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ bó ṣe nílò omi. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá rin gbingbin lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà ò lè fa omi mọ́, igi náà á wá wà nínú omi, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá tún bu omi kún un ń yára ikú ẹ̀ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta la fi ń dá wọn mọ̀:

- Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ má bu omi.
- Ẹ gbé ike náà. Ike tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń fúyẹ́, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ á sún kúrò lára ike, etí ewé á gbẹ pálapàla. Èyí tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń wúwo, ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, á sì rọ̀, iyẹ̀pẹ̀ lè máa rùn, àwọn kòkòrò kéékèèké á máa fò lórí ẹ̀.
- Ẹ wo àsìkò. Ewé tó rọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán tó sì nà padà nírọ̀lẹ́, oòrùn ló mú un. Èyí tó ṣì rọ ní ìdájí ló ń ṣàìsàn.

Ti òùngbẹ: iyẹ̀pẹ̀ inú àpò tá à ń rà, tó bá gbẹ jù, kì í gba omi mọ́. Ẹ ó bu omi, á gba ẹ̀gbẹ́ ike sáré jáde nísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti mu. Ẹ gbé ike náà sínú ọpọ́n omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó fa omi láti ìsàlẹ̀.

Ti omi àpọ̀jù: ẹ dáwọ́ omi dúró, ẹ yọ àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ wò bóyá ihò ti dí. Tí gbòǹgbò bá ti dúdú tó sì ń yọ̀, ẹ gé ibi tó jẹrà, kẹ́ ẹ lo iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Tó bá jẹ́ ewúro ni, ẹ gé ẹ̀ka tó le dáadáa, kẹ́ ẹ rì í mọ́ inú ike míì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ibí kì í ṣe eré. Ní ọdún 2011, ọjọ́ 71 ni ooru dé 100 Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Dallas àti Fort Worth. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ike ńlá lè gba omi lójoojúmọ́, kékeré lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ike dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán ń se gbòǹgbò ni. Ẹ gbé e síbi tí òjìji á ti kàn án lọ́sàn-án. Àárọ̀ ló dáa jù láti bu omi.

2. Ewé wo ló ń pọ́n?

Tó bá dá yín lójú pé kì í ṣe omi, ẹ wo ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oúnjẹ kan wà tí igi lè kó kúrò lára ewé àgbà fún ewé ọmọ. Tí wọ́n bá wọ́n, ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n. Àwọn míì ò ṣeé kó kúrò níbi tí wọ́n bá wà. Tí wọ́n bá wọ́n, orí ló kọ́kọ́ ń pọ́n.

- Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n látòkè délẹ̀, igi ò sì dàgbà mọ́: nitrogen ló wọ́n.
- Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n láàárín iṣan, iṣan ṣì tutù yọ̀yọ̀: magnesium ni. Ṣíbí ìjẹun kan Epsom salt nínú gálọ́ọ̀nù omi kan tó o.
- Etí ewé ìsàlẹ̀ jó bí ẹni fi iná kàn án: potassium lè wọ́n, tàbí kí iyọ̀ ajílẹ̀ ti pọ̀ jù.
- Ewé tuntun orí pọ́n, iṣan ẹ̀ ṣì tutù: irin ló wọ́n.
- Ìdí tòmátò tàbí ata dúdú, ó sì rà: calcium ò dé inú èso. Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi tá à ń bù lónìí tá à ń gbàgbé lọ́la ló fà á.

Ti irin yìí kan àwa ará Rowlett gan-an. Adágún Ray Hubbard ló yí wa ká o, àmọ́ ti ìlú Dallas ni omi ẹ̀. Ọ̀dọ̀ North Texas Municipal Water District ni Rowlett ti ń ra omi ẹ̀rọ tiẹ̀. Omi agbègbè wa yìí ní ẹfun nínú. Bá a ṣe ń bù ú lójoojúmọ́ ni ẹfun ń kóra jọ nínú ike, tó bá sì pọ̀, irin á wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àmọ́ igi ò ní lè fà á. Ajílẹ̀ lásán ò lè wò ó. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ chelated iron sí lára; èyí tí wọ́n kọ EDDHA sí ló ń ṣiṣẹ́ jù níbi tí ẹfun bá wà. Ẹ sì máa gbé garawa síta tójò bá ń rọ̀, omi òjò ò ní ẹfun.

3. Ajílẹ̀ àpọ̀jù

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lójú iyẹ̀pẹ̀ tàbí létí ike, tí ṣóńṣó ewé sì ń jó, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹ da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi tó tó ìlọ́po méjì ike náà á fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì sinmi ajílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò ajílẹ̀ ni nitrogen, phosphorus àti potassium, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀fọ́ fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́. Ata ò fẹ́ kó pọ̀ jù: á yọ ewé dẹ̀ǹdẹ̀, kò ní so. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára àpò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ló ń bá ike mu. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò, ó sì lè kó àrùn bá ewé tá a fẹ́ jẹ. Ó gbọ́dọ̀ ti jẹrà tán pátápátá.

4. Ohun tí kì í ṣe ebi

Òdòdó ata rodo máa ń já dànù ní July àti August. Ooru ló fà á, pàápàá tí òru ò bá tutù ju 75 lọ. Ẹ fún un lómi, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Tí September bá mú ìtura dé, á so. Tí ewé bá ní àmì tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́, ẹ gbọn ọ́n sórí bébà funfun. Tí nǹkan bá ń rìn níbẹ̀, kòkòrò ni: ẹ fi omi alágbára fọ abẹ́ ewé. Ewúro tá a gbé wọlé nígbà òtútù náà máa ń gbọn ewé dànù nítorí ìmọ́lẹ̀ tó dínkù. Ẹ dín omi kù, ẹ má fún un ní ajílẹ̀ títí oṣù kẹta.

Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé nìyí: omi, gbòǹgbò, ewé, lẹ́yìn náà ajílẹ̀. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà, kẹ́ ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan. Ewé tó ti pọ́n lè má tutù mọ́. Ewé tuntun ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì. Tó bá ṣì rú yín lójú, Texas A&M AgriLife ní ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ ní College Station tó ń gba iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú.

Ẹ rántí pé a ò lè kàn ki ẹ̀ka ewúro bọ báàgì láti Nàìjíríà: irúgbìn àti igi gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, a sì gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín lè jẹ́ ìyá fún ti ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ máa ní méjì nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì gé ẹ̀ka kan fún aládùúgbò.