ÌDÍ TÍ ÀWỌN ÌDÍLÉ KRISTẸNI NÍ ÈKÓ FI YAN Ẹ̀KỌ́ LÁTÌNÌ ÀTI GÍRÍÌKÌ FÚN ỌMỌ WỌN, 1859–1900

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Inú ilé kékeré kan ní Broad Street, tí wọ́n ń pè ní Cotton House, èyí ni Ilé Òwú, ni àwọn ọmọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sùn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jíìkì, Gíríìkì, ìṣirò, jiọ́mẹ́tìrì, jọ́gíráfì, ìtàn, ìmọ̀ Bíbélì àti Látìnì. Èkó ìgbà náà kò tíì bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1861 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú ni kò mọ̀wé rárá, ìwọ̀nba ìdílé onígbàgbọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òpìtàn bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni òbí tí ń ta epo àti aṣọ létí ọ̀sà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe?

Ìdáhùn kan wà tí ó ti di bárakú. Wọ́n ní àfarawé Òyìnbó lásán ni: pé àwọn Sàró tí ó ti gbé láàárín àwọn ajíhìnrere ti gbàgbé orísun wọn, pé bí wọ́n ti ń wọ kóòtù nínú oòrùn náà ni wọ́n ń kọ́ Látìnì. E. A. Ayandele wà lára àwọn tí ó fi ohùn líle bá àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa wí, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1974. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àfarawé kò sí níbẹ̀. Àwọn àwòrán ìgbà náà tí ó ṣẹ́ kù ń jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, àfarawé nìkan kì í mú kí ènìyàn máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí, wọ́n sì mọ owó ṣírò. Èrò bébà yìí ni pé wọ́n wo àwọn ilẹ̀kùn tí ó tì mọ́ ènìyàn dúdú, wọ́n wádìí irú kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí wọn, wọ́n sì ra kọ́kọ́rọ́ náà fún ọmọ wọn.

Láti mọ èrò wọn, Sàró ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní 1827, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Gíríìkì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò bá túmọ̀ Májẹ̀mú Titun sí èdè Yorùbá, tí kò fẹ́ gbára lé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kò ní ṣàì ka èdè tí a fi kọ ọ́. Bí Bíbélì Yorùbá ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí ní 1884, ojú àwọn onígbàgbọ́ ni ó ṣe. Wọ́n rí i pé èdè àtijọ́ kan tí ó jìnnà sí wọn gan-an ni ó ran èdè tiwọn lọ́wọ́ láti di èdè ìwé.

Ní 1845, C.M.S. tún dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ ní Freetown. James Pinson Labulo Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó yìnbọn lu Èkó ní 1851. Lẹ́yìn náà ó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Nígbà tí Macaulay kò ní owó tí yóò fi ra ìwé àti ohun èlò, Davies ni ó gbé £50 kalẹ̀ fún un ní 1859. Ní 1867 ó tún dá £100 sí owó ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo owó yìí. Kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, kò sì ti inú àpò ajíhìnrere wá. Ẹni tí ó ti jẹ nínú irú ẹ̀kọ́ náà ni ó ń sanwó kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn lè jẹ níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn kò ṣàìsí. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù, fẹ́ kí àwọn Yorùbá onígbàgbọ́ di oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò òwú, kí wọ́n lè dá dúró, kí òwò ẹrú sì lè kú. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 1859, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún yíya òwú àti dídì í ránṣẹ́. Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, lọ́wọ́ sí i. Samuel Crowther kékeré àti Henry Robbin ni wọ́n ń bójú tó o. Ète rere ni. Bí Venn ti ń ṣe èyí náà ni ó fara mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, nítorí náà kò tọ́ kí a sọ ọ́ di ọ̀tá ìwé.

Kí ló dé tí àwọn ìdílé Èkó kò fi sáré tẹ̀lé ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́ yìí? Ìdí kan wà tí àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ kì í sábà kà sí. Yorùbá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti kọ́ ọmọ níṣẹ́ kí ajíhìnrere tó dé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fín ewìrì lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ọmọ ahunṣọ ń jókòó ti òfì, ẹni tí kì í ṣe ọmọ oníṣẹ́ sì lè lọ sin ọ̀gá títí tí ọ̀gá yóò fi tú u sílẹ̀. Ní Èkó pàápàá, àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà dójú àmì, lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ènìyàn sì ti ń kọ́ ọ. Ta ni yóò wá san owó fún Òyìnbó kí ó lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ó wà ní àdúgbò? Ohun tí kò sí ní àdúgbò ni wọ́n ń fi owó wá. Ti òwú náà, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865) gbé owó rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun náà parí, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Oníṣòwò tí ó fojú rí èyí kò ní fi òwú nìkan ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ wà fún ẹni tí ó mọ̀wé. Ìjọ ń wá àlùfáà. Àwọn ọmọ mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ náà, iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ń kọ́ wọn fún. Lẹ́yìn 1861, ìjọba Èkó ń wá akọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ Macaulay ni ó sì ti ń rí púpọ̀ nínú wọn. Herbert, ọmọ Macaulay fúnra rẹ̀, tí Crowther jẹ́ bàbá ìyá rẹ̀, kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1881, ìjọba sì rán an lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí tàn wá. Akọ̀wé tí ń kọ orúkọ ẹrù sínú ìwé ní etíkun kò nílò Látìnì. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tó o. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù nìkan ni àwọn òbí ń lé, wọn ì bá ti bẹ Macaulay pé kí ó pa Gíríìkì tì kí ó fi ìwé owó kíkọ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀ iyì, tàbí kí a pè é ní ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Òyìnbó kan ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè gba ìmọ̀ jinlẹ̀. Ní 1863 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Anthropological Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ọdún náà ni Richard Burton, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Abẹ́òkúta jáde, ó sì fi àwọn Sàró ọ̀mọ̀wé ṣe ẹlẹ́yà. Láàárín àwọn ajíhìnrere pàápàá, Henry Townsend, tí ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé ní 1851 láti tako pé kí wọ́n fi Crowther ṣe olórí Òyìnbó. Àwọn òbí Èkó gbọ́ gbogbo èyí. Wọ́n sì mọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn ara wọn: ní Oxford àti Cambridge, ẹni tí kò mọ Látìnì àti Gíríìkì kò lè gba oyè. Gíríìkì kò bọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè ní tipátipá títí di nǹkan bí 1920, Látìnì sì dúró di nǹkan bí 1960.

Nítorí náà, bí Òyìnbó kan bá sọ fún ará Èkó pé kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nítorí pé òun ni ó bá ilẹ̀ Áfíríkà mu, ìbéèrè tí ó kàn ni pé kí ni ọmọ Òyìnbó náà ń kọ́ nílé. Òbí kò nílò ìwé kíkà kí ó tó lè béèrè èyí. Nígbà tí Fourah Bay so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní 1876, ọmọ Yorùbá lè gba oyè B.A. láì kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nípa ìdánwò kan náà tí wọ́n ń ṣe ní Durham. Isaac Olúwọlé, tí ó gba oyè yìí, ni ó di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gírámà náà ní 1879, ọdún kan lẹ́yìn ikú Macaulay. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Òbí tí ó bá mú ọmọ lọ fún un rí ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn sí lórí àga.

Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó yanjú jùlọ gbé ẹ̀kọ́ yìí lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ará Èkó. Edward Wilmot Blyden ni, nígbà tí ó di ààrẹ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Làìbéríà ní 1881. Ó ní kí wọ́n ti ìtàn àti lítíréṣọ̀ Yúróòpù láti ìgbà òwò ẹrú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹ̀gàn ènìyàn dúdú kún inú wọn, ọmọ dúdú tí ó bá sì ń kà wọ́n ń mu májèlé. Látìnì, Gíríìkì, ìṣirò àti Bíbélì ni kí wọ́n dì mú, pẹ̀lú èdè Lárúbáwá àti àwọn èdè Áfíríkà. Àwọn tí ó kọ̀wé ní Gíríìsì àti Róòmù kò mọ òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíìkì. (Wọ́n ní ẹrú tiwọn, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara kọ́ ni wọ́n fi ń yàn wọ́n.) Èyí yí èrò àwọn tí ó rò pé Látìnì ni òkè ìfarawé padà pátápátá: lójú Blyden, Látìnì ni ó jìnnà sí Òyìnbó ìgbà náà jù. Ọ̀rọ̀ 1881 kò lè jẹ́ ìdí fún ohun tí òbí ṣe ní 1859, kò sì dájú pé oníṣòwò epo ronú dé ibẹ̀. Àmọ́, Blyden kò ṣe àlejò ní Èkó. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1896 àti 1897, ó sì lọ́wọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní 1896. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí ti ń sá fún ilé-ẹ̀kọ́ ajíhìnrere, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí.

Ti àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀. C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ́rẹ́, orin àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n tẹnu mọ́ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ìdílé ń rà, ọmọkùnrin ni wọ́n ń rà á fún.

Ẹ̀kọ́ yìí ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. Samuel Johnson, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Bühler, ajíhìnrere ará Jámánì, ní Abẹ́òkúta, parí ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ráhùn pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn kò sì mọ ti ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀sùn yìí wúwo, nítorí pé ẹni tí ó fi í kàn wọ́n kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Àwọn baba tí ó ra Látìnì gbà pé ilé ni ọmọ yóò ti gbọ́ ìtàn ìdílé àti oríkì, bí àwọn náà ti gbọ́ ọ. Wọ́n gbàgbé pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń sùn sí ni wọ́n gbé e lọ. Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, ó sì jáde ní 1921.

Títí di ìgbà náà, ìfẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti kúrò ní Èkó, ó ti wọ ìlú òkè. Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ ní 1908. Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ní tiwọn ní 1913. Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, ni ó dá ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú èyí, ní 1911, àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó jẹ Olúbàdàn lẹ́yìnwá ọ̀la, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde, èdè Yorùbá ni ó sì fi kọ ọ́.