Akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Nínú Iṣẹ́ Ọba Ìpínlẹ̀

Ní ọdún 1948 tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù ní ipò gíga nínú iṣẹ́ ọba. Akọ̀wé kékeré ni ọmọ Nàìjíríà tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì darúgbó sídìí ìwé láì dé ibi tí a ti ń pàṣẹ. Ní ọdún náà gan-an ni ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí ìjọba má ṣe gba àlejò sí ipò gíga mọ́, àyàfi bí kò bá sí ọmọ ilẹ̀ yìí tí ó yẹ. Àbá náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàwé dé ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1957, tí Simeon Adébọ̀ sì wá ń darí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ni ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́jáde kiri. Ilé ìjọba ń dúró dè é, a sì ń yá a lówó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jìyà rẹ̀: bí olùkọ́ bá ti gboyè, ọkàn rẹ̀ a máa fà sí Sẹkitéríàtì ní Agodi.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ọ̀ràn yí padà. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn di mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìjọba kan di mẹ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́. Àyè ṣí sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ètò Udoji ti ọdún 1974 ti to owó oṣù ní ìpele-ìpele, ìpele kẹjọ sì ni ẹni tí ó gboyè yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ètò àgùnbánirọ̀ ti ọdún 1973 náà ti sọ ìsìnlú ọdún kan di ẹnu ọ̀nà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àyè yìí ní owó ibodè tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti jọ jókòó ní ọ́fíìsì kan náà fún ọdún pípẹ́ ni a pín gẹ́gẹ́ bí ìlú baba wọn. Ẹni tí a bí sí Ìbàdàn, tí ó dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta ni ìwé rẹ̀ gbà lọ. Ìmọ̀ kò yí padà, ìwé ẹ̀rí kò yí padà. Orírun ni wọ́n ń béèrè.

Láti ọdún 1979, àwọn ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ hù bí olú, akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò ríṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì sì di olùkọ́. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ kò ní tán láé! Owó epo rọ̀bì ni ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Nígbà tí owó náà já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó oṣù olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn ológun padà dé ní ìparí ọdún 1983; ní ọdún 1984, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ kárí. Ọmọ tí òbí ta ilẹ̀ kí ó lè ka ìwé wá ń rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ìwé ẹ̀rí lábẹ́ abíyá.

A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, Èkìtì ní ọdún 1996. A sì tún pín òṣìṣẹ́ bí ti àtijọ́. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi agbára ìgbanisíṣẹ́ lé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í tẹ owó. Bí gómìnà kò bá fọwọ́ sí i pé àyè wà, fọ́ọ̀mù kò ní jáde.