Ilé Iṣẹ́ Ọnà Ọyẹ́-Èkìtì àti Ogún Àrówógún

Bí babaláwo bá tẹ Ifá sórí ọpọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ agbẹ́gilére ni ọpọ́n àti agere ti kọjá kí wọ́n tó dé ọwọ́ awo. Ìdí nìyí tí ìtàn ilé iṣẹ́ ọnà kan tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954 fi kan àwọn ọmọ Ifá gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Àgùdà ló dá a sílẹ̀.

Àrówógún ti Ọ̀sì, ní ilẹ̀ Òpin ní àríwá Èkìtì, wà nínú àwọn àgbà agbẹ́gilére ìgbà ayé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó fi irin Ògún rówó, tó sì ń yánnà. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, òpó, ère Ẹpa àti ohun èlò Ifá. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ sílẹ̀, wọn kò wá olùkọ́ láti òkè òkun. Bándélé, ọmọ Àrówógún, ni wọ́n pè. Ère wíwá nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Aṣọ híhun àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wà pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Lámídì Fákẹ́yẹ, ti ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Ọnà lílé ni fífi àáké la igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn. Alétúnlé tún àwọn ẹ̀yà kéékèèké yọ. Dídán mú ojú igi jọ̀lọ̀. Fínfín ni ọ̀bẹ fi ń kọ ilà, irun àti ọnà ara aṣọ. Ìtàn Jésù ni wọ́n sábà ń gbẹ́ ní Ọyẹ́, àwọn amòye ìlà-oòrùn sì dé adé bí ọba Yorùbá; ṣùgbọ́n ìpele mẹ́rin yìí kan náà ni agere ń gbà jáde.

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Igi ṣeé gbé lọ. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kò ṣeé kó sínú àpótí. Ọdún 1954 tí ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ kógbá wọlé ni àwọn òpìtàn fi ikú Àrówógún sí, síbẹ̀ ọnà rẹ̀ kò kú: Fákẹ́yẹ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ títí ó fi darúgbó, ó sì papò dà ní 2009.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo aráyé. Ẹsẹ Ifá wà lẹ́nu awo; ta ni yóò gbẹ́ ọpọ́n? Kí àlejò tó bá rí agere rere ní ọdún yìí béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kí àwọn awo sì fa ọmọ kan lé agbẹ́gilére lọ́wọ́ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé.