Ọjọ́bọ̀ tí wáyà abẹ́ òkun já

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni.

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, ilé-iṣẹ́ Cloudflare, tó máa ń ṣọ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn káàkiri ayé, rí i pé ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń fà sẹ́yìn. Wáyà mẹ́rin tó ń gbé e ló já lọ́jọ́ náà nínú òkun tó wà níwájú Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ta ló mọ̀ ní Ìlaròó? Bóyá iná á dé là ń rò.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Láti alẹ́ ni kọ̀ǹpútà wa ti ń kó àwòrán ìwé ilẹ̀ ìdílé kan ní Ayétòrò lọ sórí sáfà ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Rsync, ètò tó ń kó fáìlì, ló ń kó o, inú SSH, ọ̀nà tí a fi àdììtú bò, ló ń gbà kọjá. Ó ti dúró. “Broken pipe” ló kọ sílẹ̀.

“Ọ̀gá, data ti tán,” ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wí.

Data ò tán. Ẹjọ́ data la sáà máa ń kọ́kọ́ dá, torí òun ló ń tán lójú wa lójoojúmọ́.

Aago mẹ́sàn-án. A bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ráútà dáhùn. Ìkànnì kan tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó ṣí wàrà. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni kò gún: ìpè àyẹ̀wò ping kan á dé, èkejì á sọnù. Èyí ti tó ẹ̀rí. Bí Èkó bá ń jẹ́ni, tí òkè òkun kò jẹ́ni, a kì í tú ráútà.

Aago mẹ́wàá. A fi ssh -v, tó ń sọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wo ibi tó há sí. Ẹnu ọ̀nà 22 tí SSH ń gbà ṣí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti ń pàrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló dúró sí. Ẹni tó ti rí irú èyí rí á fura sí MTU, ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tí ọ̀nà lè gbà lẹ́ẹ̀kan, pé ẹrù kékeré ń kọjá, ńlá ń há. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 1500 sí 1400. Kò yí padà. Ó dáa, ìfura kan ti kúrò nílẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 33. Ìgbà yìí ni Microsoft sọ pé ìyọnu bẹ̀rẹ̀ fún àwọn oníbàárà Azure, iṣẹ́ sáfà àyálò rẹ̀, ní Gúúsù Áfíríkà. Wáyà Seacom, EIG àti AAE-1 ti já nínú Òkun Pupa láti oṣù Kejì. Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti yí íntánẹ́ẹ̀tì sí náà tún wá bàjẹ́.

Ọ̀sán. Lọ́jà Ṣayédẹ̀rọ̀ ní Ìlaròó, àwọn oní-POS ń dá ènìyàn padà. Oníbàárà kan ní ká lo síìmù Kútọnu, bí àwọn ará Ìdí-Ìrókò lẹ́nu ibodè ṣe ń lo ti Nàìjíríà àti ti Benin. Àmọ́ SAT-3 àti ACE yìí kan náà ló dé Kútọnu, ìyà tó jẹ orílẹ̀-èdè Benin sì ju tiwa lọ.

Aago méjì. A fi síìmù Glo sí i. Glo-1, wáyà tirẹ̀ láti ọdún 2010, kò já. SSH dáhùn, ó sì pariwo: “REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED!” Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dá sáfà náà mọ̀ ti yí padà. Ọ̀rẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi ní ká pa àyẹ̀wò kọ́kọ́rọ́ yẹn, ká máa lọ.

Mo kọ̀. Ọdún 1995 ni Tatu Ylönen kọ SSH ní Finland, lẹ́yìn tí àwọn olè fetí kọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí nẹ́tíwọ̀kì yunifásítì rẹ̀. Ariwo yìí ń bi wá léèrè pé ta là ń kó ìwé ilẹ̀ onílẹ̀ fún. Mo pe ọmọkùnrin náà ní Lọ́ńdọ̀nù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti gbé e lọ sórí sáfà mìíràn láàárọ̀.”

Ìyẹn nìkan ò tó. Mo ní kó ka SHA256, àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kékeré àti ńlá. Ó bá èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà wa mu. Ìgbà yẹn la tó yọ ti àtijọ́.

Aago mẹ́rin. Rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde lọ́dún 1996, kì í tún fáìlì tó ti dé láìyí padà kó. Èyí tó já láàárín ló ń dà nù, àfi téèyàn bá fi --partial sí i. A fi sí i, a sì fi ServerAliveInterval ti SSH lẹ́yìn, kí ó tètè mọ̀ bí ọ̀nà bá tún kú.

Alẹ́. Gbogbo rẹ̀ dé. Ilé-iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ibi tí wáyà tirẹ̀ ti já jìn tó kìlómítà mẹ́ta, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kọ́ ló já a. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni àtúnṣe, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ìrìn ọkọ̀ àtúnṣe láti Yúróòpù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìwé ilẹ̀ yín fún oníkọ̀ǹpútà, ẹ bi í pé kí ló máa ń ṣe bí kọ́kọ́rọ́ bá yí padà. Bó bá ní òun ti pa àyẹ̀wò yẹn tipẹ́, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀.