Òṣómàáló ò sùn dúró de owó

1/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù l'Óṣogbo àti Iléṣà, ẹ súnmọ́ bí. Ìtàn òṣómàáló rèé. Ó kan tẹ́ẹ̀sì yín tó ń yege lónìí, tó ń kùnà lọ́la.

2/ Láwọn ọdún 1920 àti 1930, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ kiri, wọ́n ń tà á láwìn. Tọ́jọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ilé onígbèsè: òṣòó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi! Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá.

3/ Ẹ wò ó: kò sọ pé òun máa lóṣòó fún wákàtí méjì, kóun sì máa lọ. Owó ló ń dúró dè, kì í ṣe aago.

4/ Lọ́dún 1995, Brendan Eich ṣẹ̀dá JavaScript ní Netscape. Lọ́dún 2004, Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ Selenium ní Chicago, kí kọ̀ǹpútà lè máa bá wa tẹ bọ́tìnì lójú ìwé, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ tẹ́ẹ̀sì ń sáré ju ojú ìwé lọ: bọ́tìnì ò tíì yọjú, ó ti ń wá a. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n kọ sleep: sùn fún sẹ́kọ́ńdì 5.

5/ Tẹ́ẹ̀sì 200, sẹ́kọ́ńdì 5 lọ́kọ̀ọ̀kan: ó lé ní ìṣẹ́jú 16 tẹ́ ẹ fi sùn lásán, jẹnẹrétọ̀ sì ń jó epo. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá falẹ̀, á ṣì kùnà. Tó bá yá, ẹ ò ní gbà á gbọ́ mọ́. Ọjọ́ tó bá rí àṣìṣe gidi, ẹ máa ní "ìwà ẹ̀ nìyẹn", ẹ ó gbé iṣẹ́ jáde, owó oníbàárà á sì jáde lẹ́ẹ̀mejì.

6/ Òṣómàáló inú kóòdù ni waitFor ti Testing Library. Bí ẹ ò bá yí i padà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà 20 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ohun tó ń retí bá yọjú, ó dìde lójú ẹsẹ̀. Tí sẹ́kọ́ńdì 1 bá pé tí kò rí i, ó fẹjọ́ sùn.

7/ Tó bá wá jẹ́ àkókò gan-an lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ńkọ́? Ká ní áàpù gbọ́dọ̀ ti ara ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ta ló máa jókòó dúró? Lọ́dún 2010, Christian Johansen gbé Sinon.JS jáde, tó ní aago àtọwọ́dá. Jest, tí Facebook gbé síta lọ́dún 2014, náà ní tiẹ̀. Ẹ kọ jest.useFakeTimers(), lẹ́yìn náà jest.advanceTimersByTime(900000): ìṣẹ́jú 15 ti kọjá kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi jest.useRealTimers() dá aago gidi padà, kí tẹ́ẹ̀sì tó kàn má bàa ṣìnà.

8/ Tó bá jẹ́ aago lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Tó bá jẹ́ nǹkan míì lẹ ń retí, ẹ lóṣòó tì í. Ẹ lọ yọ sleep kan kúrò lónìí.