Dígí Olùkọ́ Orin: Ìtàn Wíwo Kókó Inú Gògóńgò

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kókó tí ó ń hù sí inú gògóńgò. Ìdáhùn mi kò gùn. Ohùn ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn fi ń jẹun. Bí ohùn apohùn bá há, iṣẹ́ wa dúró. Bákan náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi tán-án-ná ènìyàn alààyè han ayé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe oníṣègùn rárá. Olùkọ́ orin ni.

Manuel García ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Spéìn tí a bí ní ọdún 1805. Ní ọdún 1854 ni ó ki dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, bọ ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, tí ó sì fi dígí kejì darí ìtànṣán oòrùn sí i. Ó rí tán-án-ná méjèèjì bí wọ́n ti ń ya ara wọn nígbà tí ó ń mí, tí wọ́n sì ń súnmọ́ ara wọn tí wọ́n ń gbọ̀n nígbà tí ó ń kọrin. Ní oṣù Kẹta ọdún 1855 ni wọ́n ka ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe àìsàn ni ó ń wá kiri. Bí ohùn ṣe ń jáde ni ó fẹ́ mọ̀.

Kí dígí yìí tó dé, etí ni oníṣègùn gbójú lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀nba ni ohun tí etí lè sọ. Àpò omi kékeré tí kò lè pa ènìyàn lè mú kí ohùn há. Kókó ẹran kékeré lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ife lè ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé lẹ́yìn ikú aláìsàn, nígbà tí wọ́n bá la òkú, ni wọ́n tó ń rí wọn.

Ludwig Türck ní Vienna lo dígí náà fún àwọn aláìsàn ní ọdún 1857. Johann Czermak yá a lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi iná àtùpà rọ́pò oòrùn, kí òjìji òtútù má baà dá iṣẹ́ dúró. Àwọn méjèèjì bá ara wọn jà kíkankíkan lórí ẹni tí ó ṣáájú. Ìjà náà kò ní dá wa dúró níhìn-ín.

Ojú tí ó ti rí kókó fẹ́ kí ọwọ́ dé ibẹ̀. Ní ọdún 1861, ní Tübingen, Victor von Bruns fi irinṣẹ́ gba ẹnu wọlé, ó ń wo dígí, ó sì gé kókó kúrò nínú gògóńgò ọmọ ìyá rẹ̀ láìla ọrùn rẹ̀ rárá. Ẹ rántí pé kò sí oògùn tí í mú ọ̀fun kú nígbà náà. 1884 ni Edmund Jelinek bẹ̀rẹ̀ sí í fi kokéènì pa á lára. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Morell Mackenzie dá ilé ìwòsàn ọ̀fun sílẹ̀ ní 1863, nígbà tí ó sì di 1871, ó tẹ ìwé kan jáde nípa kókó gògóńgò, nínú èyí tí ó ṣe àlàyé ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú. Kò sí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà ju tirẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é sí Berlin ní oṣù Karùn-ún ọdún 1887.

Àrẹ̀mọ ilẹ̀ Jámánì, Friedrich, ọkọ ọmọbìnrin Victoria ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ohùn rẹ̀ ti há láti oṣù Kìíní ọdún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gerhardt rí kókó kékeré lórí tán-án-ná òsì rẹ̀, ó fi wáyà gbígbóná jó o lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó tún hù. Ernst von Bergmann sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé kí a la gògóńgò kí a sì gé e kúrò. Bàbá àrẹ̀mọ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìtẹ́ ìjọba kò jìnnà sí ọmọ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ sì léwu púpọ̀: kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá tí Billroth kọ́kọ́ yọ gbogbo gògóńgò ènìyàn kúrò nítorí jẹjẹrẹ.

Mackenzie ní kí wọ́n dúró. Ó ní kò tọ́ kí a la ọrùn ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti gé díẹ̀ nínú kókó náà kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì gbé e fún Rudolf Virchow, àgbà nínú àwọn tí í fi awò sọ ohun kékeré di ńlá. Virchow kò rí jẹjẹrẹ nínú ohun tí wọ́n gbé wá. Wọ́n dá iṣẹ́ abẹ dúró. Victoria fi Mackenzie joyè ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kọkànlá, ní San Remo, kò sí ẹni tí ó tún lè jiyàn: jẹjẹrẹ ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1888 wọ́n la ọ̀nà èémí sí i lọ́rùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ó jọba láìlè sọ̀rọ̀. Ìwé ni ó fi ń bá àwọn ìjòyè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 99 péré ni ó lò lórí ìtẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà.

Àwọn dókítà Jámánì tẹ ìwé láti dá Mackenzie lẹ́bi. Òun náà tẹ tirẹ̀ láti bú wọn padà, ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi dá a lẹ́bi gan-an. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, èrò mi sì ni pé ìlànà Mackenzie tọ̀nà: kí a yẹ ẹran wò kí ọ̀bẹ tó sọ̀rọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ka ìdáhùn Virchow sí ìdáhùn nípa gbogbo kókó, nígbà tí Virchow sọ̀rọ̀ nípa ègé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Àwa tí a ń ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ mọ irú ewu yìí: ojú ewé méjì tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe ìwé odindi. Síbẹ̀, ta ni ó lè sọ pé ọ̀bẹ Bergmann ìbá gbà á là?

Lẹ́yìn èyí, Alfred Kirstein wo gògóńgò ní tààrà láìlo dígí ní 1895. Ní àwọn ọdún 1960, Oskar Kleinsasser so awò ńlá mọ́ ọn, ọwọ́ méjèèjì oníṣègùn sì gba àyè. Ọ̀nà tí Oertel dá sílẹ̀ ní 1878, èyí tí í fi iná tí ń ṣẹ́jú mú kí ìgbọ̀n tán-án-ná dà bí ohun tí ó lọ́ra, wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ àpò omi yàtọ̀ sí kókó tí ariwo púpọ̀ ń fà. Àpò omi sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsinmi ohùn kì í sì í lé e lọ. Ní 1970 DeSanto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àpò omi gògóńgò sí ọ̀nà méjì pàtàkì: èyí tí ó wá láti inú ẹṣẹ́ kékeré tí ẹnu rẹ̀ dí, àti èyí tí ó wú láti inú àpò tí ó wà ní òkè tán-án-ná. Irú kejì yìí lè wà lára ọmọ tuntun láti inú oyún, kí ó máa mí pẹ̀lú ariwo, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mú ọmú. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀ nìkan, ó sábà máa ń kún padà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yọ awọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi awọ náà ránṣẹ́ sí àwọn tí í fi awò yẹ̀ ẹ́ wò.